Yàrá yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n: àlàyé lórí bí a ṣe ń yan projector fún sinimá inú ilé

Sony ní projector kan tó ń jẹ́ VPL-XW5000ES. Ọdún 2022 ló jáde, iye tí wọ́n sì gbé e sí ní Amẹ́ríkà nígbà náà jẹ́ nǹkan bí 6,000 dọ́là. Lumens la fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń ti inú projector jáde, 2,000 péré sì ni Sony kọ sára ẹ̀rọ olówó gọbọi yìí. Ẹ wá rìn dé Computer Village ní Ìkẹjà, tàbí kí ẹ yẹ àwọn ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì wò. Ẹ ó rí projector kékeré tí ọmọdé lè gbé, tí owó rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ogún owó ti Sony yẹn, tí wọ́n sì kọ 9,000 lumens gàdàgbà sára páálí rẹ̀, tí wọ́n tún fi 4K, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé àwòrán mú ṣáṣá, tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ á ní ti kékeré yìí mọ́lẹ̀ ju ti Sony lọ ní ìlọ́po mẹ́rin àti ààbọ̀. Ẹ tan àwọn méjèèjì sára ògiri kan náà, ẹ ó rí i pé àwòrán ti kékeré yẹn á pòórá sínú ti Sony.

Bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan wọ̀nyẹn sára páálí ni mo fẹ́ tú palẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò mi ni pé ìṣòro wa kọjá ti páálí. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wa ń gbà ra projector ló dorí kodò: ẹ̀rọ la kọ́kọ́ ń rà, lẹ́yìn náà la tó ń wá ibi tí a máa gbé e sí. Yàrá ló yẹ kó ṣáájú. Òun ló máa sọ iye ìmọ́lẹ̀ tí ẹ nílò, bí àwòrán yín ṣe lè tóbi tó, àti irú projector tó lè wọ ilé yín.

Òkùnkùn ló ṣáájú

Ohun kan wà tí àwọn tó ń ta projector kì í sábà sọ fún oníbàárà: projector kò lè ṣe àwọ̀ dúdú. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló lè rán jáde. Níbi tó bá yẹ kí àwòrán dúdú, ńṣe ló kàn máa ń dá ìmọ́lẹ̀ dúró, àwọ̀ tí síkíríìnì tàbí ògiri yín bá sì ní lákòókò yẹn ni ojú yín á rí. Bí oòrùn bá ń gba fèrèsé wọlé sára ògiri funfun, a jẹ́ pé funfun ni dúdú yín. Kò sí iye tí ẹ lè san fún ẹ̀rọ tó máa yí i padà. Ká ní ibi tó mọ́lẹ̀ jù lọ nínú àwòrán fi ìlọ́po 50 mọ́lẹ̀ ju ìmọ́lẹ̀ fèrèsé tó bà lé síkíríìnì lọ, ìyàtọ̀ tí ẹ ó rí láàárín funfun àti dúdú kò ní ju nǹkan bí 50 sí 1 lọ, wọn ì báà kọ contrast 1,000,000:1 sára páálí.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an, àwa tí a ń wo fíìmù Yorùbá. Àwọ̀ ara àwọn òṣèré wa dúdú. Bí ìran kan bá ṣẹlẹ̀ lóru, nínú igbó, tàbí nínú yàrá tí àtùpà kan ṣoṣo ń tàn, ohun tó ń jẹ́ ká rí i pé omijé lé ròrò sójú òṣèré, tàbí pé ẹ̀rù bà á, ni ìyàtọ̀ kékeré tó wà láàárín dúdú, dúdú díẹ̀, àti àwọ̀ ilẹ̀. Projector tí kò mọ dúdú yà sọ́tọ̀, tàbí yàrá tí ìmọ́lẹ̀ ti wọ̀, á da gbogbo rẹ̀ pọ̀ di eérú. Ẹ ó máa gbọ́ ohùn òṣèré, ẹ kò ní rí ojú rẹ̀. Fíìmù àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n yà lọ́sàn-án gangan, tó kún fún òdòdó àti omi òkun, ni àwọn ọlọ́jà fẹ́ràn láti fi han ènìyàn nínú ṣọ́ọ̀bù. Kò sí projector tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kì í dára lára rẹ̀.

Nítorí náà, kí owó tó jáde lápò, ẹ jókòó sínú yàrá tí ẹ fẹ́ lò ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Ẹ fa kọ́tìnì, ẹ pa iná, kí ẹ mú ìwé ìròyìn lọ́wọ́. Bí ẹ bá ṣì lè kà á, yàrá yẹn kò tíì ṣókùnkùn tó fún sinimá ọ̀sán. Kọ́tìnì tó nípọn, tí wọ́n gbá aṣọ dúdú sí lẹ́yìn, tó sì gbòòrò kọjá etí fèrèsé, lè ṣe iṣẹ́ tí àfikún owó ńlá lórí projector kò lè ṣe. Ẹ tún wo òkè àti ilẹ̀. Pálọ̀ wa òde òní sábà máa ń ní POP funfun lókè àti tiles tó ń dán lábẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti ara síkíríìnì jáde á lu POP, á lu tiles, á sì padà wá ba dúdú yín jẹ́, bí gbogbo gílóòbù ilé tilẹ̀ wà ní pípa. Kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ dúdú níwájú síkíríìnì àti ọ̀dà tí kò dán, tó ṣú díẹ̀, lára ògiri tó yí síkíríìnì ká máa ń mú ìyàtọ̀ tó hàn gbangba wá.

Ẹni tó jẹ́ pé alẹ́ nìkan ló máa ń wo fíìmù ní ìrọ̀rùn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sí oṣù tí ilẹ̀ kì í ti ṣú kó tó di aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London ni kí ẹ múra sí ọ̀rọ̀ kọ́tìnì jù, torí ní oṣù kẹfà, aago mẹ́sàn-án máa ń kọjá kí oòrùn tó wọ̀.

Lumens tòótọ́ àti lumens páálí

Ọ̀nà kan wà tí gbogbo ayé gbà láti wọn ìmọ́lẹ̀ projector. Wọn á tan àwòrán funfun, wọn á pín in sí ọ̀nà mẹ́sàn-án, wọn á wọn ìmọ́lẹ̀ tó wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn á sì wá agbedeméjì wọn. Ohun tí wọ́n bá wọ̀n báyìí ni wọ́n ń pè ní ANSI lumens tàbí ISO lumens. Ìlànà ISO yẹn ní nọ́ńbà tirẹ̀, 21118. Bí ẹ bá rí ANSI tàbí ISO níwájú lumens, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì ní orúkọ tó fẹ́ dáàbò bò, ẹ lè gbà á gbọ́ dé ìwọ̀n kan. Bí ẹ bá rí "LED lumens", tàbí "lux", tàbí lumens lásán tí ẹnikẹ́ni kò sọ bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n, nọ́ńbà tó dùn mọ́ ọlọ́jà ni wọ́n kọ. Ẹ̀rọ tí páálí rẹ̀ pariwo 9,000 lè má tó 300 bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ.

Èló wá ni ẹ nílò? Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ìwọ̀n tí àwọn ilé sinimá ńlá ń tẹ̀ lé fún àwòrán funfun nínú òkùnkùn jẹ́ 48 candela (ohun tí a fi ń wọn bí ojú síkíríìnì ṣe mọ́lẹ̀ tó) lórí mítà onígun mẹ́rin kan ti síkíríìnì. Fún wa, ó túmọ̀ sí pé kí ẹ fi 150 sọ ìwọ̀n síkíríìnì yín di púpọ̀. Síkíríìnì 100 íǹṣì, tí a wọ̀n láti igun kan dé igun tó dojú kọ ọ́, fẹ̀ tó mítà 2.21, ó ga tó mítà 1.25, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 2.76. Fi 150 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí nǹkan bí 414 lumens. Síkíríìnì 120 íǹṣì á gba nǹkan bí 600. Nọ́ńbà wọ̀nyí kéré ju bí ẹ ti rò lọ, àbí? Òótọ́ ni wọ́n, bí yàrá bá ṣókùnkùn biribiri.

Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn ra projector 414 lumens. Nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ bá kọ, ipò tó mọ́lẹ̀ jù ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, èyí tí àwòrán rẹ̀ sábà máa ń ní àwọ̀ ewé. Tí ẹ bá yí i sí ipò fíìmù, kí àwọ̀ ara ènìyàn lè jọ àwọ̀ ara ènìyàn, ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí ìdajì ìmọ́lẹ̀ yẹn lè lọ. Ọjọ́ orí ẹ̀rọ náà á tún mú díẹ̀ nínú rẹ̀. Fún 100 íǹṣì nínú yàrá tó ṣókùnkùn dáadáa, mo gbà pé 1,000 ANSI lumens tòótọ́ tó. Bí ẹ bá fẹ́ kí iná kékeré wà ní títàn kí àwọn ọmọ lè ríran jẹun, ẹ wá 2,000 sí 2,500. Fún bọ́ọ̀lù ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, pẹ̀lú èrò nínú ilé tí ilẹ̀kùn kò dákẹ́ ṣíṣí, 3,000 sókè, kí ẹ sì mọ̀ pé bọ́ọ̀lù á dára, fíìmù alẹ́ kò ní dára báyẹn lọ́sàn-án.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú ni ìtóbi. Ìmọ́lẹ̀ projector dà bí ọ̀dà inú agolo kan: bí ẹ bá fi kun ògiri kan, á mú dáadáa, bí ẹ bá fà á dé ògiri mẹ́rin, á fẹ́lẹ́ débi pé símẹ́ǹtì á máa yọjú. Bí ẹ bá sọ ìwọ̀n íǹṣì di ìlọ́po méjì, láti 60 sí 120, ìmọ́lẹ̀ á ṣẹ́kù sí ìdá mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí "ó lè dé 300 íǹṣì" tí wọ́n ń kọ sára páálí kò fi wúlò fún ẹnikẹ́ni. Nebula Capsule 3 ti Anker, tó kéré débi tí àpò lè gbé e, jẹ́ olóòótọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí: 200 ANSI lumens ni wọ́n kọ. Ìṣirò wa lókè á sọ fún yín pé 70 íǹṣì nínú òkùnkùn ni ibi tí agbára rẹ̀ dé. Fún yàrá ìbùsùn akẹ́kọ̀ọ́, ó dára púpọ̀. Fún pálọ̀ ìdílé, rárá.

Ibì kan tún wà tí lumens tòótọ́ pàápàá lè ṣini lọ́nà. Projector tí ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ mọ̀ ni ti ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tó ń gbé ọ̀rọ̀ orin sára ògiri. Ó lè ní 3,500 lumens kó má sì dára fún fíìmù, torí lẹ́tà funfun àti yíyàtọ̀ rẹ̀ sí ara ògiri ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ DLP (irú projector kan tí mo máa ṣàlàyé níwájú) tí wọ́n fi ibi funfun kan kún àgbá àwọ̀ rẹ̀, èyí tó ń yí láti fún ìmọ́lẹ̀ ní àwọ̀: ìmọ́lẹ̀ funfun á pọ̀, pupa àti àwọ̀ ewé á wá ṣú. Àwòrán wọn tún sábà máa ń jẹ́ 1024 lọ́nà 768, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó bó ṣe fẹ̀, nígbà tí fíìmù fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ dáadáa.

Ibi tí ẹ ó gbé e sí

Iye kan wà nínú ìwé gbogbo projector gidi tí wọ́n ń pè ní throw ratio. Ẹ fi sọ ìbú àwòrán tí ẹ fẹ́ di púpọ̀, ẹ ó mọ bí ojú lẹ́ǹsì ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí ògiri tó. Ká mú yàrá 12 ẹsẹ̀ bàtà lọ́nà 12 tó wọ́pọ̀ nílé wa. Mítà 3.66 ni. Fún 100 íǹṣì, projector tí throw ratio rẹ̀ jẹ́ 1.2 á wà ní mítà 2.65 sí ògiri, ìyẹn á wọlé. Èyí tó jẹ́ 1.5 á bèèrè mítà 3.3, á há, torí ara ẹ̀rọ náà gbà àyè lẹ́yìn, ooru rẹ̀ náà sì ń wá ibi tó máa gbà jáde. Èyí tó jẹ́ 2.0 á fẹ́ mítà 4.4, a jẹ́ pé inú kọ́rídọ̀ lẹ ó gbé e sí. Èèyàn ti ra projector tó dára gan-an tó wá di pé 70 íǹṣì ló lè fún un, nítorí pé kò wọn yàrá rẹ̀.

Ibi ìjókòó náà ní ìṣirò tirẹ̀. Mítà mẹ́ta sí mẹ́rin ló tọ́ fún 100 íǹṣì. Ẹ súnmọ́ ọn jù, ọrùn á máa yí kiri. Ẹ jìnnà jù, ó ti di tẹlifíṣọ̀n lásán.

Irú kan wà tí wọ́n ń pè ní ultra short throw, tó ń jókòó sórí tábìlì lábẹ́ síkíríìnì, tí kò sì jìnnà sí ògiri ju ìdajì mítà lọ. Ó wuni, torí ẹnikẹ́ni kò ní gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n láti ìsàlẹ̀ ló ti ń yọ ìmọ́lẹ̀ gòkè, gbágungbàgun kékeré tó wà lára ògiri á sì ju òjìji sókè. Ògiri tí bíríkìlà fi ọwọ́ rẹ́ ní ilé wa kì í sábà tẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwòrán á máa jà bí ẹni pé omi wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ irú èyí gbọ́dọ̀ ka owó síkíríìnì líle tí wọ́n ṣe fún un mọ́ owó ẹ̀rọ.

Bí ẹ bá gbé projector sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwòrán á wọ́. Bọ́tìnì keystone á tò ó, àmọ́ inú àwọn ẹ̀yà kéékèèké àwòrán ló ti máa gé e, àwòrán yín á sì rọ̀ díẹ̀. Lens shift ló sàn, torí lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ ló ń sún, àwòrán kò sì pàdánù nǹkan kan. Èyí tó sàn jù lọ ni kí ẹ gbé e síbi tó yẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó dọ́gba mọ́ àárín síkíríìnì.

4K wo ni wọ́n ń sọ?

Àwòrán projector jẹ́ àkópọ̀ àwọn àmì tíntìntín tí wọ́n ń pè ní pixel. 1080p ní 1,920 lọ́nà 1,080, nǹkan bí mílíọ̀nù méjì. 4K ní 3,840 lọ́nà 2,160, mílíọ̀nù mẹ́jọ ó lé. "4K supported" tó wà lára páálí kò sọ pé projector ní mílíọ̀nù mẹ́jọ. Ohun tó ń sọ ni pé bí ẹ bá fún un ní fíìmù 4K, kò ní kọ̀ ọ́. Á kàn dín in kù títí á fi bá iye tirẹ̀ mu. Iye tirẹ̀ yẹn lè jẹ́ 1,280 lọ́nà 720, tàbí 800 lọ́nà 480 pàápàá. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa wá ni native resolution. Bí wọn kò bá kọ ọ́ síbì kankan, ẹ ti gba ìdáhùn.

Irú kẹta tún wà láàárín. Ọ̀pọ̀ projector 4K tí owó wọn kò ga jù ló ń lo ṣíìpù DLP tó ní 1,920 lọ́nà 1,080, tó wá ń sún àwòrán síhìn-ín sọ́hùn-ún lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ojú tó ṣẹ́, tí mílíọ̀nù mẹ́jọ yẹn á fi pé lójú wa. Epson náà ń sún tirẹ̀. Èyí kì í ṣe èrú. Ó dára, ó sì mọ́ ju 1080p lásán lọ. Sony àti JVC ló ní èyí tí mílíọ̀nù mẹ́jọ rẹ̀ wà lára ṣíìpù gan-an, owó wọn ló ga.

Èmi ò ní sọ pé kí gbogbo ènìyàn sáré tọ 4K lẹ́yìn. Láti mítà mẹ́rin, ojú tó dá ṣáká pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ lè ya pixel 1080p sọ́tọ̀ lórí 100 íǹṣì. Netflix fúnra wọn sọ pé 4K lè jẹ dátà tó 7GB ní wákàtí kan, HD sì ń jẹ tó 3GB. Ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá tí a ń wò lórí YouTube kì í ju 1080p lọ. Bí owó yín kò bá tó méjèèjì, 1080p tòótọ́ tó ní dúdú tó dára ni kí ẹ rà, ẹ fi 4K tí dúdú rẹ̀ jẹ́ eérú sílẹ̀.

Inú ẹ̀rọ náà

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń gbà ṣe àwòrán. DLP jẹ́ iṣẹ́ Larry Hornbeck ti Texas Instruments, tó ṣe é lọ́dún 1987: àìmọye jígí tíntìntín tó ń yí ara wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí ṣíìpù kan. Àwòrán rẹ̀ mú ṣáṣá, eruku kì í sì í tètè wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ DLP ilé ní ṣíìpù kan péré, pupa, ewé àti búlúù ló ń tò tẹ̀ lé ara wọn kíákíá, ojú àwọn mìíràn sì ń rí i bíi pé òṣùmàrè ń kọ mọ̀nà lẹ́bàá ohun tó mọ́lẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń rí i. Kí gbogbo ilé lọ wò ó kí ẹ tó rà á, kí wọ́n máa yí ojú kíákíá síwá sẹ́yìn níbi tí lẹ́tà funfun ti wà lórí dúdú. Ẹni tó bá rí òṣùmàrè yẹn, orí á máa fọ́ ọ nídìí fíìmù wákàtí méjì.

3LCD, tí Epson ń ṣe jù, ń yọ àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà láti ara páńẹ́ẹ̀lì mẹ́ta. Kò ní òṣùmàrè, àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ tó funfun rẹ̀. Ó ní asẹ́ afẹ́fẹ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ máa gbọn, pàápàá lásìkò ọyẹ́. LCoS, tí Sony ń pè ní SXRD tí JVC ń pè ní D-ILA, ló ní dúdú tó jinlẹ̀ jù. Àwọn kékeré olówó pọ́ọ́kú kò sí nínú mẹ́ta yìí: páńẹ́ẹ̀lì LCD kan péré àti gílóòbù LED kan lẹ́yìn rẹ̀ ni. Igun àwòrán wọn sábà máa ń ṣú bàìbàì nígbà tí àárín mọ́ kedere, ooru á sì máa jó páńẹ́ẹ̀lì yẹn títí á fi di pupa rúsúrúsú.

NEPA àti gílóòbù

Àwọn ìwé ìtọ́sọ́nà òkèèrè kì í dé ibí yìí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń jẹ owó wa jù. Projector àtijọ́ ń lo gílóòbù mẹ́kíúrì tó gbóná gan-an. Tí ẹ bá pa á lórí rìmóòtù, fáànù inú rẹ̀ á ṣì máa fẹ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì láti tù ú. Bí NEPA bá mú iná lójijì, fáànù á dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, gbogbo ooru yẹn á sì há mọ́ gílóòbù. Kó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò burú. Kó máa ṣẹlẹ̀ lálaalẹ́, gílóòbù tó yẹ kó lò tó wákàtí 3,000 sí 5,000 kò ní dé ibẹ̀. Ẹ tún rántí pé kò ní gbà kí ẹ tan òun padà títí á fi tutù.

Laser àti LED kò ní ìṣòro yìí tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń tàn lójú ẹsẹ̀, pípa lójijì kì í sì í pa wọ́n lára tó gílóòbù. Ohun tí wọ́n sábà ń kọ fún wọn ni wákàtí 20,000 kí ìmọ́lẹ̀ wọn tó dín kù sí ìdajì. Bí ẹ bá ń wo wákàtí mẹ́ta lójoojúmọ́, ó ju ọdún 18 lọ. Fún ilé tó wà ní Nàìjíríà, èmi á fi owó kún un kí n ra laser tàbí LED gidi. Ẹni tó bá ti ní onígílóòbù, kó fi UPS kékeré sí i nídìí, kó lè rí ìṣẹ́jú márùn-ún láti pa á bó ṣe yẹ.

Lórí inverter, ìṣirò náà rọrùn. Projector 250 wáàtì, dikódà àti sípíkà lè jẹ́ nǹkan bí 350 wáàtì lápapọ̀. Fíìmù wákàtí méjì á jẹ 700 wáàtì-wákàtí (wáàtì tí a fi iye wákàtí sọ di púpọ̀). Bátìrì oníomi 12 fóólìtì, 200Ah kan ní 2,400 wáàtì-wákàtí nínú, ìdajì rẹ̀ ló sì bójú mu láti lò. Fíìmù kan á parí, fáànù yín á sì ṣì máa yí. Bí ẹbí yín bá fẹ́ fi projector ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, kó ka ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó san owó: 100–240V ni kó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ ló rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kíkà rẹ̀ kì í gba àkókò.

Ìyókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. HDR, ọ̀nà tó ń jẹ́ kí ibi tó mọ́lẹ̀ nínú àwòrán mọ́lẹ̀ gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ṣú, kò lè dà bíi ti tẹlifíṣọ̀n lórí projector, torí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n tuntun lè dé 1,000 candela níbi tó mọ́lẹ̀ jù, nígbà tí projector tó dára á máa rìn láàárín 50 sí 150. Ẹ má tìtorí rẹ̀ san owó kún owó. Ohùn tó wà nínú projector kò tó fún sinimá, ẹ ya owó soundbar sọ́tọ̀. Fún ọmọ tó ń fi PlayStation ṣeré, ẹ bèèrè input lag, ìyẹn bí àwòrán ṣe ń pẹ́ tó lẹ́yìn tó bá tẹ bọ́tìnì, kó má ju 40 mílíṣẹ́kọ́ńdì lọ. Android tó wà nínú ọ̀pọ̀ projector pọ́ọ́kú kò ní àṣẹ Netflix, fíìmù á sì já sí 480p tàbí kó má ṣí rárá. Stick kékeré tó ń gba fíìmù láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ ó kì bọ ojú HDMI, ló máa yanjú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà, ẹ ní kó pa iná ṣọ́ọ̀bù. Ẹ gbé fíìmù tiyín lọ nínú flash, èyí tó ní ìran alẹ́ àti ojú àwọn ènìyàn wa nínú rẹ̀, kí ẹ wo bóyá ẹ rí irun lórí òṣèré yàtọ̀ sí òkùnkùn ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ṣí ojú ewé tó kún fún lẹ́tà kéékèèké, kí ẹ ka igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́, kí ẹ gbọ́ bí fáànù rẹ̀ ṣe ń ké tó.

Bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀, ẹ wọ inú menu rẹ̀ lọ wo lamp hours, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé e nìkan, torí wọ́n lè dá nọ́ńbà yẹn padà sí òdo láìpààrọ̀ gílóòbù. Àwòrán funfun gbalaja ni kí ẹ tan. Bí ẹ bá rí ibi tó pọ́n rúsúrúsú lórí LCD, ooru ti jó inú rẹ̀. Bó bá jẹ́ DLP, tí àmì funfun tíntìntín fọ́n káàkiri tí kò sì kúrò lójú kan bí àwòrán ti ń yí, àwọn jígí inú ṣíìpù rẹ̀ ti ń kú, púpọ̀ á sì tún tẹ̀ lé wọn. Ṣíìpù yẹn lè gba owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti projector náà fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.